Ohun Tó Wà Lápò Mikail

Kọ̀rólà àtijọ́ tí Mikail fi sílẹ̀ sáyé kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn ń fi yangàn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kò ṣeé ṣí láti inú, bí òjò bá sì rọ̀, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni omi máa jò sí lára. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tí Zubaidah fẹ́ràn tó o. Abúlé wọn jìnnà wọnú sí Ìyànà Ọ̀fà, Kaothar, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì jẹ́ ọmọ tí egungun máa ń ro. Bí ìrora yẹn bá dé, kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà. Ìjókòó ẹ̀yìn Kọ̀rólà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí títí dé ọsibítù n'Íbàdàn. Nígbà tí Mikail rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá òun fínra, ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà lórí pápá ilé-ìwé, wọ́n sì ń jà lójoojúmọ́ títí obìnrin náà fi mọ̀ ọ́n. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí Mikail kú báyìí. Nínú gbogbo ìjà tí wọ́n jà rí, ìjà ọkọ̀ wíwà yẹn ni Zubaidah ń dúpẹ́ lé lórí.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ dójú tì í lọ́jọ́ Àlàmísì. Kaothar wà lẹ́yìn, ó ń jẹ etí aṣọ mọ́ eyín kí igbe má baà jáde. Ìyá rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún, ó kú. Ó tún yí i, ó dún, ó kú. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ọkọ̀ tó gbà, Zubaidah sì ti da gbogbo àdúrà tó mọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Alihamudulilahi, ara ọmọ yá, wọ́n sì padà wálé lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n ọkàn ìyá kò balẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀karùn-ún yẹn kò bá gbà ńkọ́?

Lọ́jọ́ Ajé, ó wa ọkọ̀ lọ bá Akínwándé, ọkùnrin tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìyànà Ọ̀fà. Akínwándé yí kọ́kọ́rọ́ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Mọ́mì, ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn. Kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣàìsàn. Nǹkan kékeré kan wà nínú orí ẹ̀ níbí, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé olówó ẹ̀ ló dé. Bí ọkọ̀ ò bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀, á pa iná. Ohùn tinú eléyìí ti ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹnjiníà, ẹ bá mi gé òmíràn."

"Irin gígé ò le. Kí ọkọ̀ mọ irin náà lọ́mọ ilé, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Aláwọ̀ eérú leléyìí, ọmọ ni. Ọmọ lè sítáátì ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú àlejò wọlé. Kọ́kọ́rọ́ dúdú nìyá. Òun nìkan ni ọkọ̀ máa gba kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́wọ́ ẹ̀. Dúdú dà?"

Zubaidah kò mọ̀. Ó rántí pé òun rí kọ́kọ́rọ́ dúdú kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀, lẹ́yìn náà ojú òun kò kàn án mọ́.

"Bí n ò bá wá rí i ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a máa tú burenbọ́ọ̀sì, ọpọlọ ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, mi ò fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde." Ó fi téèpù di orí kọ́kọ́rọ́ náà pinpin, kò gba kọ́bọ̀. "Ẹ lọ fara balẹ̀ wá ìyá, Mọ́mì. Ọlọ́run á fi hàn yín."

Zubaidah dé ilé, ó tú àpótí, ó gbọn mátírẹ́ẹ̀sì, ó da gbogbo dúrọ́ọ̀ sílẹ̀. Kaothar ń wò ó láti orí ẹní.

"Màámi, ṣé kì í ṣe ohun tí Bàbá máa ń fọwọ́ gbá ni? Bí wọ́n bá ti fẹ́ jáde, wọ́n á gbá àpò àyà wọn, wọ́n á ní, 'Ọkọ̀ Kaothar ò ní dá a dúró láé.'"

Zubaidah rọra jókòó. Àpò àyà. Dàńṣíkí aláwọ̀ ilẹ̀ ni Mikail wọ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú lóko. Àṣà wọn sì ni pé aṣọ tí wọ́n bá bọ́ lára òkú, ti ẹni tó wẹ̀ ẹ́ ni. Alfa Bàṣírù ló wẹ Mikail.

Kò sí ẹni tí kò mọ Alfa Bàṣírù. Ohùn wọn kò nílò ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí wọ́n kórìíra tó tírà. Ẹni tó bá so tírà mọ́dìí kì í jókòó síwájú níbi wàásí wọn, torí ó lè jẹ́ òun ni wọ́n máa nàka sí. Àmọ́ láti bí oṣù mélòó kan, wàásí tírà kò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Àwọn èèyàn ní àgbà ló dé.

Ojú ń ti Zubaidah. Ohun tí a ti fi tọrẹ, a kì í lọ gbà á padà. Ó rántí bí Kaothar ṣe ń jẹ aṣọ mọ́ eyín, ó dìde, ó lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsárì tán nígbà tó dé ilé Alfa. Ó kúnlẹ̀, ó kí Alfa, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ojú Alfa yí padà.

"Kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú aṣọ yẹn, Ìyá Kaothar."

"Alfa, kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá wẹ òkú, ohun tó bá rí, ṣe ló máa bò ó. Mo ti bò ó. Ẹ máa lọlé."

Zubaidah kò dìde. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Alfa, bí ọkọ̀ yẹn bá kọ̀ lọ́jọ́ tí ìrora bá dé, ọmọ mi lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Òun nìkan ni Mikail fi sílẹ̀ fún mi."

Alfa wò ó títí. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé agolo mílíìkì kan jáde láti òkè àjà. Ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀, awọ ni wọ́n rán bò ó yípo, ó gùn bí ìka, ó sì le.

"Tírà ni," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Àpò àyà ẹ̀ ni mo ti bá a. Mi ò tú u, àṣírí òkú ni. Mi ò jù ú nù, bóyá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú ẹ̀. Ìyàwó mi ò mọ̀. Wàásí tírà gan-an, mo pa á tì, kí ẹnu mi má baà yọ̀ lọ sọ́dọ̀ Mikail. Àmọ́ láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó foríjì í lórí eléyìí. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ."

Zubaidah gbà á. Ó yí i padà, ojú rẹ̀ sì là.

"Awọ báàgì mi rèé! Báàgì tí mo wá títí tí mo ní wọ́n jí!"

Alfa fi abẹ tú okùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ dúdú kan bọ́ sórí ẹní. Orí rẹ̀ ti là sí méjì, téèpù ni Mikail fi so ó pọ̀ kó tó rán awọ bò ó, kí hóró inú rẹ̀ má baà já bọ́. Zubaidah ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ ṣe. Kò sí àárọ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ kò gbé ọ̀nà ọsibítù ọmọ rẹ̀ sí àyà.

Alfa jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀. "Asitagifirulai! Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń fẹjọ́ ẹni tí ò ṣẹ̀ sun Ọlọ́run!"

"Alfa, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó tún kúnlẹ̀, tọkàntọkàn lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi ìyàwó ẹ̀, àwọn àárọ̀ kan wà tó rẹ̀ mí tí n ò lè ṣàdúrà fún un. N ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bá mi ṣe é. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Lọ́jọ́ kejì, Akínwándé ki ìyá kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ há abẹ́ sítíárìn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń súfèé. Kò pẹ́, ọkọ̀ gba ọmọ kọ́kọ́rọ́ tuntun méjì wọlé. Zubaidah fi èkíní sítáátì ọkọ̀, ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná pupa sì kú. Ó gbé orí lé sítíárìn, ó ń dúpẹ́ títí Akínwándé fi bi í bóyá kò sí nǹkan.

Ilé Alfa ló kọ́kọ́ yà sí. Ó mú ìyá kọ́kọ́rọ́ jáde, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi dá a padà sínú agolo yẹn. Ẹni tó lè bá òkú pa ohun tí kò yé e mọ́ fún oṣù mẹ́jọ, kò sí ibi tó tún dá mi lójú tó ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Alfa gbà á, wọ́n dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. "Gbogbo àdúrà ìforíjì tí mo ti ṣe yẹn wá ńkọ́? Kò mà ṣẹ̀."

"Ẹ má dáwọ́ dúró, Alfa," ni Zubaidah wí. "Ó gé báàgì mi."