Níta Yàrá Ìgbẹ̀bí

Ó ti dákẹ́ jù. Ọmọ mi kì í dákẹ́ báyìí. Láti kékeré, bí ẹ̀gún bá gún un lẹ́sẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Kí ló wá dé tí kẹ́kẹ́ pa nínú yàrá tó ti ń rọbí yẹn...

Èmi agbẹ̀bí àgbà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, láàárín àwọn aláboyún tó wá ṣàyẹ̀wò. Wọ́n ń kí mi. Mò ń dáhùn. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ṣì wà nínú yàrá. Nọ́ọ̀sì tó ń rọra ṣe ohun gbogbo, tí a fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Lójú agbálẹ̀. Lójú ọmọ mi. Àlùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí i mú. "Ẹ ò lè máa ṣe ìyá rẹ̀ kí ẹ tún máa gbẹ̀bí rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò le. Ká ní ó le ni, ǹ bá bá a jà.

Àbí kí n padà wọlé? Ọwọ́ mi ti dúró báyìí. Ó ti... rárá. Kò tíì dúró.

Bí ìwọ́ bá wé mọ́ ọmọ lọ́rùn ńkọ́? Ṣé Jẹ́jẹ́ ti yọ irú ẹ̀ rí? Kò yọ ọ́ rí. Ó fẹ́ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti nawọ́ — mo ní, "Sún, gbé e fún mi." Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Gbé e fún mi. Gbogbo èyí tó bá ti le, gbé e fún mi. Àwọn ènìyàn á ní, "Bí ìyá yẹn ò bá sí, ilé ìwòsàn yìí ò sí." Orí mi á wú.

Bí apá rẹ̀ ò bá wá ká a lónìí, lórí ọmọ mi... ta ni ò jẹ́ kí apá rẹ̀ ká a?

Agbálẹ̀ yọjú. Jẹ́jẹ́ ní kí n máa bọ̀. Mo dìde. Apá rẹ̀ ò ká a nìyẹn — inú mi sì dùn. Ọlọ́run, inú mi dùn díẹ̀.

Apá rẹ̀ ká a. Nígbà tí mo wọlé, ó wà níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Màmá, ibi orí."

Ibi orí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò dúró síbí rí. Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń ní kó lọ dúró síbẹ̀, bí ẹni ń lé ọmọdé kúrò nídìí iṣẹ́ àgbà. Ìgbà wo ni mo gbójú sókè wo ohun tó ń ṣe? Àwọn abiyamọ tó ń jà, tó ń ké, tí ara wọn á kàn ṣàdédé rọ̀ wọ̀ọ̀... mo rò pé ọwọ́ tèmi ló ń ṣe é.

Ọmọ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ìrora tún ti ń bọ̀. Ó ń wò mí.

Kí ni mo máa sọ fún un, Jẹ́jẹ́? Kí lo máa ń sọ fún wọn?