Ìjókòó Mẹ́rin Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà Bàbá ti ṣí sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ó sì ga tó ilé, nítorí náà Ìbídùn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ kí ènìyàn wọ bàtà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti nù. Pátákó aláwọ̀ ewé ni ilẹ̀ ibẹ̀, iná kéékèèké ń sáré kiri lórí rẹ̀, fáànù sì ń yí lókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mú iná lọ. Oyún oṣù mẹ́jọ ló ń ṣíwájú Ìbídùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó máa sáré.

Orúkọ ọmọ ló wá gbà. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ méjì kí Bàbá tó kú, ó pè é lórí fóònù láti Ìkìrun. “Mo ti fi ohùn ara mi pe orúkọ ọmọ yẹn sínú kọ̀ǹpútà mi,” ló wí. “Tó o bá ti bí, kó o ṣí i.” Wọ́n sin Bàbá tán, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò tàn mọ́, ó kàn ń ké píì, píì. Mẹ́mọ̀rì rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ló jóná. Bí wọn kò bá rí òmíràn tó bá a mu, orúkọ tí Bàbá fi sílẹ̀ yóò há sínú àpótí náà títí ayé. Ìbídùn kò lè gba ìyẹn láé.

Láàárín pátákó náà, ìjókòó gígùn mẹ́rin tí mẹ́mọ̀rì ń wọ̀ tò síra wọn, gbogbo wọn ṣófo.

“Ẹ káàbọ̀, ìyá ọmọ,” ni pátákó wí. “Àwọn àlejò yín ti dé.”

Lóòótọ́, àwọn mẹ́mọ̀rì ti wà lórí àga Bàbá, wọ́n jókòó bí ìdílé ọkọ tó wá tọrọ ìyàwó. Èyí tó tóbi jù wọ ẹ̀wù irin pupa, iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. “Jíìgì méjìlélọ́gbọ̀n ni agbára ìrántí mi,” ló wí, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Ìbídùn pàtẹ́wọ́. Kò tiẹ̀ béèrè ibi tó ti wá, ó kàn gbé e lé ìjókòó. Kò wọlé. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í, kò wọlé. Gígé kékeré tó wà lẹ́nu mẹ́mọ̀rì náà fi ìdajì èékánná yẹ̀ sí egungun tó wà nínú ìjókòó.

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ni pátákó wí. “Ìran kẹrin ni wọ́n, ìran kẹta ni mo sì ń gbà. Ẹ má tì wọ́n mọ́ o, ẹ ó ká mi léyín.”

Ẹlẹ́wù pupa dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó bá inú ògiri jáde. Ìkejì kúrú bí ìka. Kí Ìbídùn tó la ẹnu, òun ti ń bẹ̀bẹ̀. “Ilé láptọ́ọ̀pù ni mo ti wá, mà. Mo ní kí n kàn yà kí yín ni.” Ó bu omi mu, òun náà lọ.

Pálọ̀ ti di oko àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ní Ìkìrun. Bàbá jáde láàárín ewé, tówẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Pé ó wá kò ya Ìbídùn lẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ tó ti padà sí ẹnu ló yà á lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ikùn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín. Bàbá yọ ọ̀rá kan nínú àpò. Mẹ́mọ̀rì méjì ló wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jọra dórí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wọn lára.

“Ọ̀kan ti tó, Bàbá,” ni Ìbídùn wí. “Orúkọ kan ni mo wá gbà. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ kan ni.”

“Má fi ọ̀kan sílẹ̀,” ni Bàbá wí, ó tún bu àgbàdo jẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ìbídùn kọ́kọ́ wo ẹnu wọn dáadáa. Ìran kẹta ni wọ́n. Ó tò wọ́n sórí ìjókòó kìn-ín-ní àti èkejì, ara kan ara, nítorí ta ni yóò bí ìbejì tí yóò ya wọ́n sọ́tọ̀? Pátákó ké píì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbídùn bojú wẹ̀yìn. Àgbàdo ọwọ́ Bàbá ti ku ìlà méjì, ó sì mọ̀ pé bó bá ti tán, Bàbá yóò lọ.

“Ẹ fi àyè sí wọn láàárín,” ni pátákó wí. “Kí ọ̀kan gba èkejì, kí ọ̀kan gba ẹ̀kẹrin. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń bá wọlé sọ́dọ̀ mi.”

Ó yọ wọ́n, ó tún fi wọ́n sí i, ó tẹ̀ wọ́n. Kà! Kà! Ọwọ́ kéékèèké inú ìjókòó dì wọ́n mú. Iná bo gbogbo ilẹ̀, fáànù hó, Ìbídùn sì fò sókè tòun ti oyún, ó ń ké pé ó ti tàn, ó ti tàn! Ohùn Bàbá jáde láti ara ògiri. Bàbá tó dúró nínú oko kò la ẹnu, ó ń jẹ ìlà tó kẹ́yìn.

“Ìbídùn, ọmọ mi, kú ewu o. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, kí ẹ pè é ní Ayọ̀rìndé. Ẹni tó rán an níṣẹ́, kí ẹ pè é ní…”

Bàbá ju ṣùkù àgbàdo sílẹ̀.

Ìbídùn lajú. Oòrùn ti kún yàrá, Gbóyèga ọkọ rẹ̀ sì ń wá ìbọ̀sẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ gbé ọwọ́ yín wá,” ni Ìbídùn wí fún un. “Méjèèjì.”

Ó gbé ọ̀kan lé apá ọ̀tún ikùn rẹ̀, ó gbé èkejì lé apá òsì, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín. Wọ́n dúró. Ọwọ́ Gbóyèga méjèèjì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá ò tíì sọ ti Kẹ́hìndé,” ni Ìbídùn wí.