Itọ́ Tí Mo Yà Sẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnu mi ò là sílẹ̀ rí bó ṣe là sílẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Bí ẹyẹ kan bá kọ́lé síbẹ̀, tó yé ẹyin mẹ́fà, tó pa gbogbo ẹ̀, n ò ní mọ̀.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó wà lórí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi táwọn aránṣọ ti ń bára wọn jíròrò. Ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ ò bá dọ́gba á béèrè, ẹni tó mọ̀ ọ́n á dá a lóhùn. Nísàlẹ̀ ohunkóhun téèyàn bá kọ síbẹ̀, àwòrán kékeré kan máa ń wà, gbọọrọ bíi rúlà, tó ń fi ẹni tó kọ ọ́ hàn. Ìbuwọ́lù ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi kìnnìún mẹ́ta sí i, mo fi mànàmáná sí i, mo fi iná tó lè jó odindi ìlú kanlẹ̀ sí i, mo wá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa kán lára orúkọ rẹ̀. Aránṣọ o.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n fẹ́ dìbò yan ẹni tí yóò máa bójú tó yàrá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lórí ìkànnì náà. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, débi pé Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ ipò yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "obìnrin kan sọ pé òun máa ń fọwọ́ bo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi kóun tó lè kà á. Lọ kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa, àbí kó o wá kó kìnnìún rẹ kúrò lọ́rùn mi."

Mo gba ìkànnì àwọn tó ń ya ìbuwọ́lù lọ. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Parẹ́. Mo fi iṣẹ́ mi hàn án.

"Pa kìnnìún kan rẹ́," ó kọ ọ́ sí mi.

Mo pa á rẹ́.

"Pa ìyókù rẹ́."

"Bàbá, kí ló wá kù?"

"Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Àbí kìnnìún ló ń ránṣọ?"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àga mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbòǹgbò. Nígbà tí mo parí, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kù, àti okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá wọnú abẹ́rẹ́. Ó dára débi pé téèyàn bá wò ó pẹ́, á gbọ́ ìró máṣíìnì. Mo gbé e síbi tó yẹ, gbogbo ayé yìn ín.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, mo bá a tó ti sùn lọ lórí máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí aṣọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo ní kí n fi ọwọ́ tuntun mi dánra wò. Mo ya itọ́ sí i lẹ́nu. Mo fà á gba orí aṣọ títí ó fi di odò. Mo fi ọkọ̀ ojú omi kan àti apẹja méjì sórí odò náà. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, "Ẹ rọra, iṣẹ́ ló ń ṣe." Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí ìfun mi fi fẹ́ so kókó. Mo tọ́jú iṣẹ́ mi sínú kọ̀ǹpútà.

Orúkọ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ gbogbo iṣẹ́ tí mo bá tọ́jú: "tuntun". Ìwé tí mo kà ò tó èyí tí mo lè fi wá orúkọ míì. Ọ̀lẹ sì ti mú kí n kọ́ kọ̀ǹpútà mi pé bí mo bá ti tọ́jú "tuntun", kó máa fúnra rẹ̀ gbé e lọ síbi tí ìbuwọ́lù ẹ̀gbọ́n mi wà. Àwòrán yẹn kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú kan ló wà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ látọdún mẹ́rin ló ń lọ wò ó níbẹ̀. Bó bá yí padà níbẹ̀, ó yí padà níbi gbogbo.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀rọ̀ ó lé. Odò mi ṣàn gba abẹ́ gbogbo wọn.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí oyin ta. Ó jí, ó wò ó. Ó na fóònù sí mi.

Obìnrin kan tí màmá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló kọ̀wé: "Tíṣà, aṣọ màmá mi nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ fi rán bùláòsì fún mi. Itọ́ lẹ wá ń dà sí i."

Mo wo orí máṣíìnì. Aṣọ búlúù, ẹyẹ funfun wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ẹnu nìkan ni mo ti ń wò látìgbà tí mo ti dé, n ò rí aṣọ.

Mo tètè dá ìbuwọ́lù tó dára padà, àmọ́ àwọn èèyàn ti gbé tọ̀hún pa mọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ya itọ́ yẹn.

Ẹnì kan dáhùn pé, "Àwọn apẹja, a mọ̀ pé irọ́ ni. Itọ́ la ń béèrè."

Orí fọ́tò gan-an ni mo yàwòrán sí, n ò sì ní òmíràn. Bí mo bá ya fọ́tò aṣọ gbígbẹ náà báyìí, wọ́n á ní ó ti gbẹ ni. Èèyàn mẹ́jọ ti gba ìbò wọn padà. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń fọwọ́ pa aṣọ yẹn lára.

Mo sá tọ Bàbá Parẹ́ lọ. "Bàbá, ẹ gbà mí."

Bàbá tí kò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ wá sí ìkànnì àwọn aránṣọ, ó kọ̀wé:

"Ọwọ́ òsì ni fèrèsé wà. Apá òsì ni imú obìnrin yìí ti ń dán, etí rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, irin máṣíìnì náà bẹ́ẹ̀. Itọ́ yìí nìkan ló ń dán lápá ọ̀tún. Oòrùn méjì ò lè ràn nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀yin aránṣọ, ṣé aṣọ tó bá tutù kì í dúdú sí i ni? Ẹ wo àwọn ẹyẹ abẹ́ itọ́ yìí, funfun báláú. Ẹni tó yà á ò tíì mọṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń kọ́ ọ, ojú sì ń tì mí."

Ó ka àṣìṣe mi dé orí ìkejìlá. Bó ṣe ń tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ló ń kàn mí mọ́gi. Ẹnu mi sì là sílẹ̀ gbayawu: ìkọ́kúkọ̀ọ́ mi ló ń gbà á là.

Obìnrin tó ni aṣọ náà dáhùn. "Mo ti rí i. Ẹ má bínú, Tíṣà. Àmọ́ ẹ bá mi fa etí àbúrò yín."

Ìbò mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi fi borí lọ́jọ́ kejì. Òfin àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé àwòrán ìbuwọ́lù kankan ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá òun mọ́.

"Títí kan èyí tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta yà?"

"Títí kan ìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò dára ni?"

"Ó dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó kí n tó rántí ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀." Ó wá yí àga rẹ̀ padà, kó lè máa rí ọwọ́ mi bó ṣe ń ránṣọ.