Lọ́fínńdà Tí Kì Í Pariwo

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò. Ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Tasánsán mọ òwe yìí dáadáa, ó sì máa ń pa á fún àwọn tọkọtaya tó bá ń jà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá di ti lọ́fínńdà báyìí, kì í rántí rẹ̀ mọ́.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Tasánsán. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí pé kó tó yọ ní ìkóríta, ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Àbúrò ló ń po ó ní yàrá ẹ̀yìn, Tasánsán ló ń tà á níwájú, pẹ̀lú ẹnu tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀. Bó bá gbé ìgò kan sókè, oríkì ni yóò máa kì í: "Aṣáájú-olówó-rẹ̀-wọlé, a-lọ-má-tíì-lọ, a-jí-ará-ilé-lójú-oorun! Ẹni tó fín ọ lọ́jọ́ Ajé, aṣọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ Ẹtì." Ẹni tó wá ra ìgò kan á mú méjì lọ.

Wàyí o, Àbúrò po òmíràn. Ó fi gbogbo ìgbà òjò po ó. Ewé tútù tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ já lára igi ló ní lọ́kàn, pẹ̀lú òdòdó funfun kékeré tí kò tíì là tán. Nígbà tó gbé e wá síwájú, Tasánsán gbé e sí imú, ó gbé e kúrò, ó sì yẹ ìdí ìgò wò bí ẹni tí ń wá ohun tó jábọ́. Ó béèrè bóyá omi tí wọ́n fi ṣan ìgò ni wọ́n gbé fún òun.

Kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí. Àwọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí Àbúrò ti pò tẹ́lẹ̀, inú síǹkì ni Tasánsán dà wọ́n sí. Lọ́tẹ̀ yìí, Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra sọ pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó wà ní òdìkejì odò ti ní kí òun wá máa bá wọn po òórùn. Bí èyí náà bá bá síǹkì lọ, òun ń lọ nìyẹn.

Kò pariwo rárá, ìyẹn ló sì já Tasánsán láyà. Ẹni tó ń ké pé òun ń lọ, ẹ fún un ní àga kó jókòó. Ẹni tó rọra sọ ọ́ ti di ẹrù tán.

Ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ òfin ìyá wọn: ara ni adájọ́. Wọn óò kán an sí inú ọrùn-ọwọ́, wọn ò ní fọ̀ ọ́, wọn ò ní fi ọwọ́ pa á. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀bù, á wọ inú àpótí gíláàsì iwájú tí wọ́n ń pàtẹ ọjà sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di síǹkì. Ọwọ́ Tasánsán ni wọ́n kán an sí. Kó má baà jọ ìrẹ́jẹ, kò fín tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì jáde nílé bí ẹni tó gbàgbé gèlè. Ó gbàdúrà pé kí Olúwa jẹ́ kí àbúrò òun dúró ti òun. Ó tún gbàdúrà pé kí Olúwa jẹ́ kó hàn pé òun kò ṣìnà. Àdúrà méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n ń wo ara wọn.

Bí wọ́n ti kán an báyìí, ó tutù, ó mú bí ìgbà tí ènìyàn fi èékánná fún ewé pọ́. Tasánsán rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó ga, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó gbóòórùn ọwọ́ ọ̀tún, kò sí nǹkan. Ó gbóòórùn ọwọ́ òsì tí wọn kò kán nǹkan sí, bákan náà ni méjèèjì rí. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ ìtùnú tí yóò fi sin òkú lọ́fínńdà náà.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ti wọlé. Tasánsán fín ti ìgò pupa fún un, ó ki oríkì rẹ̀, nọ́ọ̀sì sín. Ó fín ti ìgò wúrà, nọ́ọ̀sì tún sín. Àmọ́ nígbà tí Tasánsán na ọwọ́ láti kó ìgò kúrò lórí káńtà, imú nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ọwọ́ náà bí ewúrẹ́ tó rí ewé tútù. Ó béèrè pé kí lèyí.

"Ọṣẹ mi ni," ni Tasánsán wí.

Irọ́ náà yá débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ irú ọṣẹ wo. Tasánsán ní wọn kì í ṣe é mọ́. Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn, ó sì fi kún un pé kí Ó ṣe sùúrù díẹ̀ ná.

Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Lójoojúmọ́, bàbá yìí á gba abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á dúpẹ́, á sì lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Lónìí ó fa àpótí sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó jẹun tán, kò dìde. Tasánsán bi í bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní rárá o.

"Ẹ wá sún mọ́ mi tó báyìí, bàbá wọn?"

Ọkùnrin náà nu ẹnu rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, lọ́fínńdà rẹ ló ń kí mi káàbọ̀. Lónìí, ìwọ fúnra rẹ ni mo gbóòórùn."

Oníbàárà tí wọ́n gé irun rẹ̀ dé ìdajì bú sẹ́rìn-ín. Tasánsán bínú díẹ̀, ó béèrè irú òórùn tó ń gbọ́. Bàbá wọn ronú, ó ní ó dà bí ọrùn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí wọ́n gbé jókòó sórí koríko. Tasánsán gbé ọwọ́ sí imú. Sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu abẹ ìfárí nìkan ló gbọ́.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó jókòó. Ẹni tó ń gbé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, bí wọ́n bá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, báwo ni yóò ṣe jẹ́? Ó ti pẹ́ tí imú òun ti ń gbé láàárín ìgò tí ń kígbe, tí òun náà sì ń bá wọn kígbe. Ó mí sínú, ó mí síta, títí ariwo fi kúrò ní imú rẹ̀.

Nígbà náà ló dé. Ewé ti rọ̀, kò mú mọ́. Òdòdó ti là lára rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé ooru ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ òdòdó náà, nǹkan kan wà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò mọ̀ bóyá lọ́fínńdà ni tàbí òun alára. Ó lẹ imú mọ́ ọwọ́ bí ọmọ tí ń mu àtàǹpàkò. Aládùúgbò tó wá kó aṣọ rò pé ó ń sunkún, ó sì rọra kí i pé pẹ̀lẹ́.

Nígbà tó wọ yàrá ẹ̀yìn, Àbúrò ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fajú ro gbé oúnjẹ jáde, tí kò sì padà, ó gbà pé ẹjọ́ ti parí. Ó ń wé àwọn ìgò kékeré rẹ̀ sínú aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbójú sókè.

Tasánsán la ẹnu kó ki oríkì. Oríkì kò wá. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pariwo ki ohun tí kì í pariwo? Ìtàn nọ́ọ̀sì ló wá sọ, ó jẹ́wọ́ irọ́ ọṣẹ. Àbúrò fẹ́ mú ojú le. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé wọn kì í ṣe ọṣẹ náà mọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ purọ́ báyẹn?"

"Èmi ni. Mo sì gbọ́ ọ níkẹyìn, lórí àtẹ̀gùn." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ kejì. "Jọ̀ọ́, àbúrò mi, tú ẹrù yẹn, kí o kán díẹ̀ síbí fún mi."