Óòmù Mẹ́wàá Nínú Àjà

Ìgbà mẹ́ta ni èéfín rú láti inú àjà ṣọ́ọ̀bù Àṣíáwù aránṣọ, ní ilé Alhaji Rùfáì ní Ìkirè, láàárín oṣù méjì ní ọdún 1987. Pákó àjà kan di èédú. Iná ta sí aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan tí ó ku bọ́tìnì nìkan. Ní ìgbà kẹta, ohun gbígbóná kán láti òkè sí Àṣíáwù lọ́wọ́, awọ ibẹ̀ sì bó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Alhaji pe àwọn ayálégbé jọ, ó ní áyọ́ọ̀nù oníná obìnrin náà ni ó fẹ́ sun ilé òun; kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ó tó di ọjọ́ Ajé. Àṣíáwù bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú àpò. Ọdún kẹjọ rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà láti Àpòmù dé Wásinmi mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ́ṣaléwá ni kò lè gbé e mì. Kò tíì pé ọdún méjì tí ó gba oyè nínú ìmọ̀ físíìsì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àpòmù ni ó ti ń kọ́ni, yàrá tí ó kángun sí ṣọ́ọ̀bù náà ni ó sì ń gbé. Ohun tí ó bí i nínú ni pé wọ́n dájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọn ohunkóhun. Ó tọrọ mítà méjì tí a fi ń wọn iná nínú àpótí irinṣẹ́ kan tí ẹnìkan kò ṣí rí ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì gbé wọn jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Barnabas, oníṣẹ́ iná tí ó fa wáyà ilé náà, dúró tì í.

"Ańtí tísà, ẹ rọra o. Ṣọ́ọ̀kì ò so wáyà rí."

Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín. Ọmọ́ṣaléwá ní kí Àṣíáwù tan áyọ́ọ̀nù, ó sì ka mítà. Níbi tí iná ti wọlé, fóltì igba ó lé ogún. Lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọgọ́sàn-án. Áńpù mẹ́rin péré ni ó ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ wáyà tí ó pé lè gbé ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ láìgbóná.

Ogójì fóltì sọnù lójú ọ̀nà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣe é sára ògiri: ogójì tí a pín sí mẹ́rin, ìdènà óòmù mẹ́wàá, nínú wáyà tí ìdènà rẹ̀ kò yẹ kí ó tó ìdajì óòmù kan. Ogójì lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́jọ wáàtì ooru: bí ìgbà tí ènìyàn kó gílóòbù mẹ́rin, ológójì wáàtì, jọ sójú kan láàárín pákó gbígbẹ, tí ó sì tàn wọ́n.

Ó rọra bi Barnabas ibi tí ó ti so wáyà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó ní wáyà kò dé ṣọ́ọ̀bù nígbà tí òun ń fà á. Alhaji kọ̀ láti ra òmíràn, ó ní kí òun wá nǹkan fi kún un. Àjákù wáyà ni òun so mọ́ ọn, ọ̀rá ni òun sì yọ́ sí i lára dípò téèpù. Òun rán Alhaji létí lẹ́yìn èéfín àkọ́kọ́.

Gbogbo ojú yí sí Alhaji lórí àga rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní ilé òun ni, òun ni òun mọ ẹni tí òun fẹ́ gbà sí i.

Ọmọ́ṣaléwá kúnlẹ̀, nítorí Alhaji dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ wáyà yẹn lónìí, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún Ańtí Àṣíáwù, níṣojú gbogbo wa, pé wọn kò ní kó lọ síbi kankan."