Ògúnná Tí Omi Ò Lè Pa

Orin ni mo fi ń fọṣọ létí odò Sinú, orin náà ni màá fi sọ èyí. Èmi Petrona àti Casilda ọ̀rẹ́ mi, bí àwọn ìyá wa ṣe ń mu tábà la ṣe ń mu ún: ibi tó ń jó la ń kì sínú ẹnu, kí omi ìfọṣọ má baà pa á. Tí Casilda bá fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á pọ́n bí àtùpà. Òun ló ń lé orin fún gbogbo abúlé. Ohùn rẹ̀ la fi ń sìnkú wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kùrukùru bo odò, ibi gbogbo ṣú. Casilda gbé tábà rẹ̀ sórí òkúta, ó lanu gbàgà:

"Omi ń lọ, ẹ bá mi kí i,
Omi ń lọ, kò wẹ̀yìn."

Yadira, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà eyín, wá kí wa lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ yọ iná lẹ́nu kẹ́ ẹ tó kọrin."

"Iná wo? Ojú ẹ ń fọ́ ni?"

Tábà rẹ̀ wà lórí òkúta, ó ti kú, ó ti tutù. Mo yọjú wò ó. Yéè! Àjà ẹnu rẹ̀ pupa fòò, ó ń dán bí ògúnná. Casilda bu omi sẹ́nu, ó tu ú, ó tún lanu. Iná náà ṣì wà níbẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò kúkú dùn mí. Ata ni."

Yadira ò rẹ́rìn-ín. "Àìdùn rẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Irú ibi pupa tí kì í lọ yìí lè di jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká gé bíńtín níbẹ̀, ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Gé kí ni? Ilé orin mi lo fẹ́ gé yẹn!"

"Tá a bá fi í sílẹ̀, Màmá, á jẹ orin náà tán."

  Casilda ju tábà rẹ̀ sómi.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ti ń múra. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó pẹ́ kó tó jinná. Lọ́jọ́ tó padà sódò, ó gbé orin wa. Ohùn ti há díẹ̀, síbẹ̀ ó dùn. Inú mi dùn gan-an, mo lanu gbàgà, mo gbè é.

Orin dá lẹ́nu rẹ̀.

"Petrona, yọ iná lẹ́nu."

Tábà mi wà lórí òkúta, ó ti kú.

"Dìde, arúgbó yìí. Wọ bàtà ẹ, ká lọ bá Yadira."

Mo wọ̀ ọ́. Wọ́n gé tèmi náà kúrò. Ẹ ò gbọ́ bí mo ṣe ń kọrin? Omi ń lọ, ẹ bá mi kí i!