Aṣọ Ìbora Pupa Lára Ọgbà

Nítorí pé Vidosav ga bí igi páínì ni àwọn tó ń ya fíìmù ṣe fún un ní aṣọ sójà Jámánì. Fíìmù Ogun Àgbáyé Kejì ni, ìtàn abúlé wọn gan-an níbẹ̀ ní òkè Bosnia: bí àwọn ajàjàgbara tí kò tó nǹkan ṣe gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ àtàwọn tó ń sá fógun kọjá odò, tí àwọn sójà Jámánì sì ya bò wọ́n bí eéṣú. Inú Vidosav dùn. Láti àárọ̀ ló ti ń yin ìbọn tí kò ní ọta.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní kí gbogbo wọn sinmi. Ebi ń pa á, ilé ìyá rẹ̀ kò sì jìnnà.

"Bọ́ aṣọ yẹn kó o tó lọ," ni Mirsad ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

"Ta ló fẹ́ máa tú gbogbo bọ́tìnnì yìí torí oúnjẹ?"

"Ó dáa, ọ̀gágun. Ṣé ẹ ó jẹun kẹ́ ẹ tó dáná sunlé ni, àbí ẹ̀yìn ẹ̀?"

Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu Vidosav nígbà tó ti ilẹ̀kùn.

Stojanka, ìyá rẹ̀, ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo lórí iná. Oòrùn wà lẹ́yìn ọmọ. Aṣọ ni ìyá rí, kò rí ojú. Ó rọra gbé ìgbákọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó. Wàrà wà. Kò sí ẹnì kankan níbí, èmi nìkan ni."

"Ìyá, èmi mà ni."

Kò jọ pé ó gbọ́. Ó bu wàrà fún un títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ó ká aṣọ ìbora pupa orí ibùsùn. "Mo fẹ́ sá a sóòrùn ni, ọ̀gá." Ó jáde, ó sì tẹ́ ẹ sára ọgbà.

Kò sí ọmọ abúlé náà tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lákòókò ogun, bí ọ̀tá bá wọlé obìnrin kan, aṣọ pupa ni yóò tẹ́ síta, kí àwọn tó gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ má sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó.

Ìyá Jeka tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn rí i. Kò bèèrè nǹkan kan, ó tẹ́ tirẹ̀. Ilé tó tẹ̀ lé e náà tẹ́ tiwọn. Kò pẹ́ tí aṣọ pupa fi tò dé ẹnu igbó, tí gbogbo ilẹ̀kùn sì tì. Nísàlẹ̀ odò, ohùn olùdarí fíìmù wá láti inú gbohùngbohùn: "Ta ló ní kí wọ́n ṣe ìyẹn? Ó mà rẹwà o. Ẹ yà á."

Ó wu Vidosav kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó bọ́ síta, ó tú bọ́tìnnì, ó bọ́ ẹ̀wù, ó bọ́ ṣòkòtò, ó ku pátá nìkan nídìí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

"Ìyá Jeka, Vidosav ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká aṣọ yín."

"A ti rí i pé ìwọ ni," ni Ìyá Jeka dáhùn lójú fèrèsé. "Ta ni ò mọ ẹsẹ̀ lékeléke yìí? Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ́ ẹ ló ń kọ́kọ́ ká a."

Vidosav nawọ́ sí aṣọ ìbora ìyá rẹ̀. Ìyá gbá ọwọ́ náà dànù.

"Àwọn tó wà nínú igbó ṣì ń wò ó," ló wí.

Vidosav ò bi í pé àwọn wo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ya fíìmù fọn fèrè pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kò dìde. Ìgbà tí oòrùn kúrò lára aṣọ náà ni ìyá tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, tó fọwọ́ kàn án lórí.

"Ọmọ mi, o ò tíì jẹun."

Ó ká aṣọ náà. Ìyá Jeka ká tirẹ̀. Vidosav jẹ oúnjẹ tó ti tutù, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.